Ẹni Tó Yọ Káyọ̀dé Kúrò Lórí Pápá

Nígbà ìsìn ìdágbére Bàbá Àgbà, àwọn èèyàn ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Barking nílùú òyìnbó, kálukú ń sọ irú èèyàn tí Bàbá jẹ́. Ọ̀kan ní oníwà pẹ̀lẹ́ ni wọ́n. Òmíràn ní kò sí ẹni tí wọ́n bá jà rí láyé. Mo wo ojú Màmá mi, àwọn náà wo tèmi, àwa méjèèjì sì gbójú sílẹ̀. Bàbá tí mo mọ̀ bá alága ìjọ jà. Wọ́n bá ọkùnrin tí ń gé koríko pápá jà. Wọ́n bá ará ilé kejì jà lórí okùn tí wọ́n ń sá sùtánà wọn sí. Wọ́n sì bá Káyọ̀dé, àbúrò mi, jà débi pé ọdún ń gorí ọdún, àwọn méjèèjì kò jẹun lórí tábìlì kan náà mọ́.

Bàbá fúnra wọn ti kìlọ̀ fún wa. Nígbà kan tí a ti ibi ìsìnkú àgbàlagbà kan dé, tí ìyìn òkú ti kún wọn létí, wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn láì tíì bọ́ kóòtù, wọ́n ní, "Mojí, tí èmi náà bá kú, ẹ má purọ́ mọ́ mi. N ò ní lè dìde já yín ní koro."

Nítorí náà, bí mo ṣe mọ̀ wọ́n ni mo fẹ́ sọ ọ́.

Bàbá tó bí ìyá mi ni wọ́n. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni wọ́n, tí inú bá sì bí wọn, èdè ilé wọn ni wọ́n fi ń bú èèyàn, kí ẹni tí wọ́n ń bú má baà gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Láti Marks Gate títí dé Chadwell Heath, "Kóòṣì" ni àwọn èèyàn ń pè wọ́n. Ọ̀dọ̀ wọn ni Màmá kó wa lọ nígbà tí bàbá wa fi ilé sílẹ̀, nínú ilé kan tí ariwo ọkọ̀ ojú ọ̀nà A12 kì í dáwọ́ dúró. Bàbá ti to mọ́tò rí ní ilé iṣẹ́ ńlá kan ní Dagenham, wọ́n ti wa bọ́ọ̀sì, wọ́n ti ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí ní Creekmouth. Oúnjẹ òòjọ́ ni wọ́n ń pe gbogbo ìyẹn. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà pé Ọlọ́run rán wọn ni kí wọ́n máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, èyí tí èèyàn ń fi ọwọ́ gbé sáré.

Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí eré yìí á rò pé ìjà ìgboro ni. Èèyàn mọ́kànlá kojú mọ́kànlá, akoto lórí kálukú. Ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù, ẹlòmíràn á sáré lọ gbà á, àwọn alátakò á sì bẹ́ mọ́ ọn kí wọ́n lè gbé e ṣubú kó tó dé òpin pápá. Tó bá ti ṣubú, eré dúró, kálukú á tún padà sí ìlà, wọ́n á tún ara wọn tò, ó di kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Àkókò ìtò yìí ni Bàbá fẹ́ràn jù. Wọ́n ní ẹni tó ń sáré ni gbogbo ayé ń wò, ṣùgbọ́n ibi tó ti gbéra ni àwọn ń wò ní tiwọn. "Ibi tí o dúró sí kí eré tó bẹ̀rẹ̀," ni wọ́n máa ń wí, "ti sọ ìdajì ìtàn rẹ."

Wọ́n ní ìṣe kan tó máa ń tì mí lójú nígbà tí mo ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìdíje, kí àwọn ọmọ tó dé, Bàbá á bọ́ bàtà, wọ́n á bọ́ ìbọ̀sẹ̀, wọ́n á sì fi ẹsẹ̀ lásán rìn yí pápá ká, bí ẹni tó wọ sùtánà ṣe ń rìn wọ ilé àdúrà. Ìgbà mìíràn, yìnyín á wà lórí koríko. Àwọn tó ń fa ajá kiri á dúró máa wò wọ́n. Ibi tí ilẹ̀ ti rọ̀ àti ibi tó ti ń yọ̀ ni wọ́n ń wá, nítorí risífà, ìyẹn ẹni tí ń sáré lọ gba bọ́ọ̀lù, kò lè yà lójijì lórí ẹrẹ̀. Tí wọ́n bá rí apá tó rọ̀, wọ́n á yí ètò ọjọ́ náà padà. Màmá bẹ̀ wọ́n títí kí wọ́n wọ bàtà òjò. Ní ọdún kan, òtútù àyà mú wọn, ọsibítù sì dá wọn dúró. Nígbà tí a lọ wò wọ́n, Màmá ń sunkún, wọ́n sì ń bínú pọ̀ mọ́ ọn. Bàbá na ẹsẹ̀ jáde lábẹ́ aṣọ ìbora, wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Ilẹ̀ ni alátakò àkọ́kọ́. Àwọn ọmọ ọlọ́mọ kò gbọdọ̀ pàdé rẹ̀ ṣáájú mi."

Orí tábìlì ilé ìdáná ni èmi àti Káyọ̀dé ti kọ́ eré náà. Ọjọ́ tí Màmá bá fẹ́ se ẹ̀wà, Bàbá ló máa ń bá wọn ṣà á, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣà á tán. Bí wọ́n bá ti rí ẹ̀wà tó dára, wọ́n á tò ó sórí tábìlì bí àwọn agbábọ́ọ̀lù ṣe ń tò. Lẹ́yìn náà, wọ́n á mú hóró àgbàdo kan láti inú ike gúgúrú, wọ́n á gbé e síbi tó jìnnà díẹ̀ sí àwọn yòókù. Àgbàdo yẹn ni risífà. Nígbà tí Káyọ̀dé dàgbà, tó wọ inú ikọ̀ Bàbá, òun ni àgbàdo.

Àbúrò mi mọ eré í sá, àmọ́ àwọn tó mọ eré í sá pọ̀ ní Dagenham. Ohun tó mú un yàtọ̀ ni pé kò síbi tí èèyàn fi í sí tí kò ní wúlò. Ọwọ́ rẹ̀ ń gba bọ́ọ̀lù bí ẹni ń gba ọmọ tuntun. Tí wọ́n bá fún un ní bọ́ọ̀lù látẹ̀yìn, á gbé e la àárín àwọn géńdé kọjá. Tí wọ́n bá ní kó dènà fún ẹlòmíràn, á fi èjìká gba ọkùnrin tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po rẹ̀. Ó tilẹ̀ lè ju bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀. Kóòṣì mìíràn ì bá gbé e sí etí pápá kó fi í síbẹ̀. Bàbá á gbé hóró àgbàdo náà sí etí, wọ́n á gbé e wọ inú, wọ́n á gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù. Wọ́n á wá ṣe èyí tó dùn mọ́ wọn jù: wọ́n á fi ìka fa àgbàdo náà láti apá kan lọ sí apá kejì kí eré tó bẹ̀rẹ̀, níwájú gbogbo ẹ̀wà alátakò.

"Mojí, kí ni mo ń wá?"

"Ẹ fẹ́ tàn wọ́n jẹ ni."

"Rárá. Mo fẹ́ mọ ohun tó wà nínú wọn. Tí ẹnì kan bá tẹ̀ lé e, èèyàn ni wọ́n ń ṣọ́. Tí kò bá sẹ́ni tó tẹ̀ lé e, ilẹ̀ ni wọ́n ń ṣọ́. Ẹni tó ń ṣọ́ èèyàn, jẹ́ kí èèyàn náà mú un rìn jìnnà. Ẹni tó ń ṣọ́ ilẹ̀, wá ààlà tó wà láàárín ilẹ̀ méjì, kó o dúró síbẹ̀. Kò sí ẹni tó ni ààlà."

Káyọ̀dé kò fẹ́ràn gbogbo ọ̀nà tí Bàbá ń gbà lò ó. Ọdún kan wà tí Dámilọ́lá wọ inú ikọ̀ wa. Ìbàdàn ló ti wá, pẹ̀lú físà àwọn tó ń tọ́jú arúgbó, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ nìkan ló sì mọ̀ tẹ́lẹ̀. Nínú ìdíje kan, Bàbá rán Káyọ̀dé jáde léraléra ní gbogbo ìdajì kejì, wọn kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ju bọ́ọ̀lù sí i. Bó bá ti gbéra, àwọn alátakò á ya tẹ̀ lé e, nítorí òun ni wọ́n ti ń bẹ̀rù láti òwúrọ̀. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ ni Dámilọ́lá gbà kọjá, òun nìkan, bí ẹni ń rìn lọ sí ọjà. A borí. Àwọn ọmọ gbé Dámilọ́lá sí èjìká. Nínú ọkọ̀ nígbà tí à ń lọ sílé, Káyọ̀dé dijú mọ́rí.

"Bàbá, I ran all day. Ẹ ò fún mi ní bọ́ọ̀lù kankan."

Bàbá ń wa ọkọ̀, wọn kò yíjú. "Ìwọ lo gbé e wọlé," ni wọ́n wí. "Ọwọ́ Dámilọ́lá ló kàn wà."

Mo rí i nínú dígí pé Káyọ̀dé rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ wà láàárín wọn.

Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù yìí, ibẹ̀ sì ni ìjà ṣọ́ọ̀ṣì ti wá. Bàbá á jọ́sìn ní kùtùkùtù, wọ́n á sì jáde kí ìwàásù tó bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú sùtánà lábẹ́ kóòtù. Alága ìjọ pè wọ́n, ó ní kí wọ́n yan ọ̀kan. Èmi ni mo wà pẹ̀lú wọn lọ́jọ́ náà. Bàbá ní, "Alàgbà, àwọn ọmọ wọ̀nyẹn kò ní wá bá yín níbí. Ẹ jẹ́ kí n máa lọ bá wọn níbi tí wọ́n wà." Ìjọ gba iṣẹ́ pẹpẹ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n lọ jókòó sórí àga tó kẹ́yìn, lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ibẹ̀ ni wọ́n sì jókòó sí títí wọ́n fi kú. Wọn kò bẹ ẹnikẹ́ni. Alága yẹn ló kọ́kọ́ dìde níbi ìsìn ìdágbére, òun ló sọ pé oníwà pẹ̀lẹ́ ni wọ́n.

Bí Bàbá ṣe ń lo Káyọ̀dé síbí sọ́hùn-ún tó, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń bẹ̀rù àtilò ó. Wọ́n á máa wo bó ṣe ń mí. Nígbà tí ikọ̀ bá nílò rẹ̀ jù lọ, tí gbogbo èèyàn ń pariwo orúkọ rẹ̀, Bàbá á ní kó jáde wá mu omi. Àwọn ọmọ ikọ̀ máa ń kùn. Èmi náà bi wọ́n léèrè rí, nígbà tí mo ń pín omi létí pápá. Wọ́n ní, "Ẹṣin tó bá mọ eré í sá, òun ni wọ́n ń gùn kú."

Ọjọ́ tí gbogbo rẹ̀ bàjẹ́ jẹ́ ọjọ́ àṣekágbá, lórí pápá wa, lẹ́yìn Whalebone. Kóòṣì kan ti Jámánì wá. Ó ti rí fídíò Káyọ̀dé, ó sì fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i, bóyá yóò mú un lọ síbi tí bọ́ọ̀lù yìí ti jẹ́ iṣẹ́. Káyọ̀dé ń to páálí ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Creekmouth nígbà náà, kò sì sí ẹni tó mọ bó ṣe kórìíra iṣẹ́ yẹn tó bí kò ṣe èmi. Ní ìdajì àkọ́kọ́, ibi gbogbo ni Bàbá fi í sí. Ó gba bọ́ọ̀lù ní etí, ó gbé e láti ẹ̀yìn, ó ju ọ̀kan fúnra rẹ̀ tí Dámilọ́lá gbà wọlé. Mo rí ọkùnrin ará Jámánì náà tó ń mi orí, tó ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ìdajì kejì bẹ̀rẹ̀, Káyọ̀dé fò sókè láàárín pápá láti gba bọ́ọ̀lù. Ọkùnrin kan sáré wá láti ẹ̀gbẹ́, ó kọlù ú lójú òfuurufú. Akoto rẹ̀ dún nílẹ̀. Ó dìde kíá, bọ́ọ̀lù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó na ìka sókè, gbogbo èèyàn sì hó yè. Bàbá nìkan ni kò hó.

Wọ́n pe eré tó kàn. Òsì ni Káyọ̀dé gbọ́dọ̀ yà sí. Ọ̀tún ló yà sí, ó sì sáré lọ láìwẹ̀yìn, bọ́ọ̀lù bọ́ síbi tí kò sí ẹnikẹ́ni. Bàbá ní kí eré dúró. Obìnrin tó ń tọ́jú àwọn tó bá fara pa tan iná sí i lójú, ó bi í ní orúkọ rẹ̀ àti ibi tó wà. Káyọ̀dé dáhùn gbogbo rẹ̀. Obìnrin náà ní òun kò rí nǹkan kan tó burú.

Bàbá na ọwọ́, wọ́n gba akoto lọ́wọ́ Káyọ̀dé. "Jókòó."

"Bàbá, I'm fine. Ẹ bi í."

"Mo ní kó o jókòó."

Káyọ̀dé fẹ́ gba akoto náà padà. Bàbá gbé e sí abíyá, wọ́n dì í mọ́ra, wọ́n kọjú sí pápá. Kò sí ẹni tó lè wọlé láìní akoto. Àwọn ọmọ ikọ̀ yí wọn ká. Ọ̀kan ń bẹ̀, ọ̀kan ń bú, ọ̀kan ní, "Kóòṣì, final ni, ẹ jọ̀ọ́." Bàbá kò wo ẹnikẹ́ni. Wọ́n fi Dámilọ́lá sí ipò Káyọ̀dé. Ó sa gbogbo ipá rẹ̀, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù tó kẹ́yìn, tí ì bá fún wa ní ife ẹ̀yẹ, já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí rẹfirí tó fọn fèrè ìparí, ọkùnrin ará Jámánì náà ti kọrí sí ọ̀nà ibùdó ọkọ̀ ojú irin.

Níbi tí a gbé ọkọ̀ sí, Káyọ̀dé dúró níwájú Bàbá. Kò pariwo ní ìbẹ̀rẹ̀.

"Kí ni mo ṣe tí kò tọ́, Bàbá? Ẹ sọ ẹyọ kan fún mi."

Bàbá ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò. Káyọ̀dé wá pariwo. Ó ní Bàbá ti pa á, ó ní wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí ju àwọn lọ. Bàbá kì í ṣàlàyé ara wọn fún ẹni tó bá ń pariwo lé wọn lórí, ì báà ṣe alága ìjọ, ì báà ṣe ọmọ ọmọ wọn. Wọ́n gbé akoto náà lé e lọ́wọ́. "O wà láàyè láti bínú sí mi," ni wọ́n wí. "Ó tó mi."

Màmá mú un lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ kejì. Àwọn dókítà ní kó lọ sinmi, wọn kò rí ohun tó bàjẹ́. Ibẹ̀ ni ìyà ọ̀rọ̀ yìí wà. Tí wọ́n bá rí nǹkan, a ì bá mọ̀ pé Bàbá tọ̀nà. Bí Káyọ̀dé bá padà wọlé lọ́jọ́ náà, tí nǹkan kan kò ṣe é, a ì bá mọ̀ pé wọ́n ṣì í. Ohun tí èèyàn bá dènà kì í ní ẹlẹ́rìí. Ará Jámánì kò pè mọ́. Káyọ̀dé kó lọ sí yàrá kan ní Whalebone, kò sì gbá bọ́ọ̀lù náà mọ́. Tí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ ọjọ́ yẹn níwájú rẹ̀, á dìde, á jáde. Àwọn ọmọ ikọ̀ ní kí Bàbá sinmi, Bàbá sì sinmi. Láti ìgbà náà, tí Màmá bá gbé ẹ̀wà síwájú wọn, wọ́n máa ń ṣà á tán.

Mo bi wọ́n léèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. À ń wọ bọ́ọ̀sì láti Marks Gate lọ sí Chadwell Heath, láti lọ gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn. Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ ò lè pè é, kí ẹ bá a sọ̀rọ̀?"

Wọ́n yíjú sí fèrèsé. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nípa ìlú tútù kan ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti kàwé nígbà èwe wọn. Ọ̀rẹ́ kan wà tí wọ́n jọ ń gbé yàrá, Kọ́tíìsì lorúkọ rẹ̀, ọ̀rẹ́ yìí ló sì mú wọn dé ìdí bọ́ọ̀lù náà. Risífà ni Kọ́tíìsì, ẹni tí kò sí ibi tí wọn kì í fi sí. Lọ́jọ́ kan, ọrùn ẹsẹ̀ Bàbá yẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kóòṣì ni wọ́n dúró sí. Àwọn alátakò gbé Kọ́tíìsì ṣubú. Nígbà tó jáde wá mu omi, orúkọ àbúrò rẹ̀ ló fi pe Bàbá. Kóòṣì kò gbọ́. Ó yíjú sí Bàbá, ó ní, "Ṣé ara ọ̀rẹ́ rẹ le?"

"Kọ́tíìsì wò mí," Bàbá wí. "Ó fẹ́ wọlé padà. Mo ní ara rẹ̀ le."

Wọ́n tún gbé e ṣubú, kò sì dìde. Kò kú. Kí Bàbá tó kúrò ní Amẹ́ríkà, wọ́n lọ kí i nílé ìyá rẹ̀. Ìyá náà ń fi ṣíbí fún un ní oúnjẹ. Kọ́tíìsì kí Bàbá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, bí ẹni ń kí àlejò, ó sì bi wọ́n léèrè ẹni tí wọ́n jẹ́. Ìyá rẹ̀ ní kí Bàbá jókòó, kí wọ́n jẹun. Bàbá jẹun. Wọn kò lè sọ fún ìyá náà ohun tí wọ́n ṣe.

Bọ́ọ̀sì ti kọjá ibi tó yẹ kí a sọ̀ kí n tó lè sọ̀rọ̀. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n sọ fún Káyọ̀dé."

"Tó bá gbọ́ báyìí, á ṣàánú mi. Jẹ́ kó bínú. Ìbínú ló ń gbé e dìde láàárọ̀." Wọ́n dì mọ́ ọ̀pá bọ́ọ̀sì, wọ́n dìde. "Tí mo bá lọ, o lè sọ fún un."

Ọkàn wọn ló kọ́kọ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ wọn wú, wọn kò lè rìn dé ẹnu géètì. Nígbà tí ọsibítù dá wọn dúró fún ìgbà ìkẹyìn, mo pe Káyọ̀dé. Ó wá ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí Bàbá ń sùn. Ó dúró, ó wò wọ́n, ó fa aṣọ ìbora bo ẹsẹ̀ wọn, ó sì lọ kí wọ́n tó jí. Nígbà tí Bàbá lajú, mo sọ fún wọn pé ó wá.

"Ibo ló dúró sí?"

"Nísàlẹ̀ ibùsùn, Bàbá. Níbi ẹsẹ̀ yín."

Wọ́n ronú sí i. "Ó dára," ni wọ́n wí. "Ẹni tí ọ̀rọ̀ mi ti sú pátápátá, ẹnu ọ̀nà ni ì bá dúró sí." Wọn kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Káyọ̀dé kò tún padà wá kí wọ́n tó kú.

Ó bá wa gbé pósí, ó bá wa bu yẹ̀pẹ̀. Nígbà tí a délé, tí àwọn àlejò ń jẹun nínú pálọ̀, mo bá a ní ilé ìdáná, ó ń fọ ìkòkò. Mo ti ilẹ̀kùn, mo sì sọ ọ̀rọ̀ Kọ́tíìsì fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìkòkò kan náà ló ń fọ̀ títí mo fi parí. Ó pa omi.

"Nítorí náà, kì í ṣe èmi ni wọ́n ń wò lọ́jọ́ yẹn," ó wí. "Ẹlòmíràn ni wọ́n ń wò. Wọ́n gba ayé mi lọ́wọ́ mi nítorí ẹnì kan tí n ò mọ̀ rí."

"Ìwọ ni wọ́n ń wò, Káyọ̀dé. Èmi náà rí ọ. Òsì ló yẹ kó o lọ, o lọ sí ọ̀tún."

Ó yíjú sí mi. "Ìgbà wo?"

"Eré tó tẹ̀ lé ìgbà tó o ṣubú."

"Òsì ni mo lọ."

Láti ọjọ́ yẹn wá, mo ti rò pé ó mọ̀, pé ìtìjú ni kò jẹ́ kó sọ ọ́. Mo wo ojú rẹ̀ dáadáa. Kò sí irọ́ níbẹ̀, kò sì sí ìtìjú.

"Sístà Mojí, òsì ni mo lọ. I can see it. Mo ń rí ara mi tí mo ń lọ."

Ó ṣílẹ̀kùn, ó pe Dámilọ́lá, tó ń bá wa kó àga. Ó bi í ní apá ibi tí òun yà sí lọ́jọ́ àṣekágbá. Dámilọ́lá kọ́kọ́ wò mí, ó wá wo Káyọ̀dé.

"Ọ̀tún ni, bro," ó wí jẹ́jẹ́. "Gbogbo wa rò pé o ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́ ni."

Káyọ̀dé fa àga, ó jókòó. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ tó ṣì tutù sí ẹ̀yìn orí, ó sì dì í mú síbẹ̀. Láti pálọ̀, Màmá ń pè wá pé kí a wá dágbére fún àwọn tó ń lọ.

"Ẹ jókòó," Káyọ̀dé wí fún wa. "Ẹ sọ ọ́ fún mi. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọkùnrin yẹn ti kọlù mí."